Kí Jẹ́lé-ó-sinmi Tó Dé: Ọmọ Ìrìnsẹ̀ Nínú Agbo Ilé Àtijọ́

Àwọn tí ó kọ ìtàn ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún wa kò ṣe ìmẹ́lẹ́ rárá, nítorí wọ́n sọ ti ọba àti ìjòyè, wọ́n sọ ti ogun Jálumi àti ogun Kírìjì, wọ́n sọ ti odi tí ó wó àti ti ìlú tí ó tú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti ń lo ọjọ́ rẹ̀ nínú ilé, láti ìgbà tí àkùkọ bá ti kọ títí di ìgbà tí adìẹ bá wọlé sùn, yóò ṣí àwọn ìwé ńlá náà títí ọwọ́ yóò fi ro ó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì rí níbẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí ó kú ní 1901, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì tún iṣẹ́ náà tò kí ó tó jáde ní 1921, ka iṣẹ́ àwọn obìnrin fún wa: òwú rírán, aṣọ híhun, aṣọ pípa láró, epo ṣíṣe, ọṣẹ ṣíṣe, ìkòkò mímọ, ọjà títà. Bí mo bá ti ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn: obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìkòkò aró láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí èyí tí ó wà ní ìdí ẹkù tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, ta ni ó ń bá a mú ọmọ ọlọ́dún méjì tí kò ní í jókòó sí ojú kan?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ọmọ ọwọ́ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá tẹ́ ẹ sí ni a óò bá a. Ọmọ tí ó ti tó ọdún mẹ́fà kò ṣòro mọ́. A óò rán an níṣẹ́, yóò lọ, yóò bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ó ti fi ìrákò sílẹ̀ tí kò sì tíì gba òye, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju etí rẹ̀ lọ, tí ó jẹ́ pé ohun tí a gbà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò tún fi ọwọ́ òsì mú, òun ni àwọn àgbà rò tí wọ́n fi sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Òun kan náà ni wọ́n sì ń bá wí nígbà tí wọ́n ní ọmọ tí ó bá ní ìyá òun kò ní í sùn, òun náà kò ní í fi ojú ba oorun.

Ìdáhùn ìbéèrè mi wà nínú bí a ti kọ́ ilé. Dókítà N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Yorùbá tí ó kọ ìwádìí ńlá kan lórí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn rẹ̀ fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí a kò sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé títí di 1970, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di ará ọ̀run, gbé agbo ilé sí ààrin gùngùn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ilé amọ̀ gígùn ni, tí ó yí àgbàlá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ká. Iyàrá kò kọ ojú sí ìgboro, àgbàlá ni gbogbo wọn kọjú sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì nà lọ níwájú wọn, níbi tí a ti ń jókòó, tí a ti ń ṣiṣẹ́, tí a ti ń gba àlejò, tí a sì ń sùn sí nígbà ooru. Baálé wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin wọn àti àwọn ìyàwó tí gbogbo wọn fẹ́, pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà tí ọkọ wọn ti kú. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni a ń gbà jáde, kì í sì í ṣe ohun tí ó wọ́pọ̀ kí a má bá arúgbó ọkùnrin kan tí ó jókòó tì í. Ọmọ ìrìnsẹ̀ tí ó bá jáde nínú iyàrá ìyá rẹ̀ kò tíì jáde sí ìta. Inú ilé ni ó ṣì wà, ojú sì wà lára rẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú mẹ́rin ni ó bí i, igba ojú ni ó ń wò ó.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àti dá ọmọ lára yá kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ọmọ ni ó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yóò sì fi ṣú.

Ìwẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ni yóò jókòó, tí yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí yóò tẹ́ ọmọ sí orí wọn, tí yóò fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú bo ó lára títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Yóò na apá rẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò gbé e sókè, yóò hán an, ọmọ yóò ké, yóò sì tún rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ a máa fi ìwẹ̀ ṣe eré. Lẹ́yìn náà ni àdí yóò kàn án, tàbí osùn. Àwọn tí ń kánjú lóde òní lè rò pé wákàtí tí ó ṣòfò ni wákàtí yìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tí a bá wẹ̀ dáadáa tí ó sì mu ẹ̀kọ yó, ìdajì òwúrọ̀ ti tán kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí yóò ṣe.

Bí ó bá ti wẹ̀ tán, ìkíni ni ó kàn. A óò mú ọmọ lọ́wọ́, yóò máa rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin a óò tẹ̀ ẹ́ dọ̀bálẹ̀, bí ó bá jẹ́ obìnrin a óò bá a tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, níbi kọ̀ọ̀kan ni a ó sì ti fi oríkì dá a lóhùn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí n kò rò pé ohun ìṣeré kan wà tí ó tó oríkì lára ọmọ kékeré. Àjàní ni ẹnìkan yóò pè é, tàbí Àlàbí, tàbí Àkànní. Bí obìnrin ni, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní í tán sí ibẹ̀. Ìyá àgbà yóò mí kanlẹ̀, yóò sì bọ́ sí oríkì orílẹ̀: bí ọmọ Oníkòyí ni, yóò ro ogun fún un, bí ọmọ Ọlọ́fà ni, yóò ro ìjàkadì, bí ọmọ Òpómúléró ni, òpó ilé àti aṣọ àgbà ni ọ̀rọ̀ yóò dá lé. Ọmọ náà kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ yóò dúró jẹ́ẹ́, yóò la ojú, yóò máa wo ẹnu ìyá àgbà, orí rẹ̀ yóò wú, nítorí ó mọ̀ dájúdájú pé òun ni a ń bá sọ̀rọ̀ àti pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Mo ti rí ọmọ tí ó ń ké kíkan, tí a fún ní àkàrà tí kò gbà, tí a gbé pọ̀n tí kò dákẹ́, tí ó sì jẹ́ pé nígbà tí àgbàlagbà obìnrin kan ki í tán ni omijé dá lójú rẹ̀.

Àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Ìyàwó kò gbọdọ̀ fi orúkọ pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ rẹ̀, ì báà ṣe ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n fi ń fún wọn ní orúkọ ìnagijẹ: Ẹyínfúnjowó, Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Awẹ́lẹ́wà. Ọmọ ọdún méjì kan lè máa jẹ́ orúkọ mẹ́fà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó sì dá ohùn ẹni tí ń pè é mọ̀ nínú gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá pè é ní "ọkọ mi kékeré" ni yóò já àkàrà fún un, ẹni kejì yóò fún un ní àádùn, ẹni kẹta yóò ní kí ó wá jó kí òun rí i. Nígbà tí yóò bá fi yí àgbàlá náà ká, oòrùn ti gòkè, oorun sì ti ń kùn ún.

Nígbà tí ó bá jí, ìdí iṣẹ́ ni a óò gbé e lọ. Òwú rírán jẹ́ iṣẹ́ àwọn ìyá arúgbó, gẹ́gẹ́ bí Johnson pẹ̀lú ti sọ, ó sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́ fún ẹni tí yóò fi ojú kan ṣọ́ ọmọ, nítorí ojú kan ni a ń jókòó ṣe é. Ìrànwú ń yí, òwú ń gùn, ọmọ ń wò ó. Bí a bá ń bó ẹ̀gúsí, a óò da díẹ̀ sílẹ̀ fún un, yóò máa dà á jọ, yóò máa tú u ká. Bí a bá ń ṣa ẹ̀wà, bí a bá ń yin àgbàdo, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹnikẹ́ni kò retí kí iṣẹ́ ọmọ náà wúlò. A kàn jẹ́ kí ó ní ìpín nínú ohun tí gbogbo ilé ń ṣe, a sì ń rán an ní iṣẹ́ tí kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, "Gbé èyí fún ìyá yẹn," a óò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé Ìlọrin ni ó ti ń bọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá jẹ́ èyí tí iná tàbí aró wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ni ààbò. Ìyá yóò gbé ọmọ pọ̀n, yóò fi ọ̀já gbà á mọ́ra, yóò sì máa lọ ata tàbí kí ó máa gúnyán. Bí ara ìyá bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí ọlọ, bẹ́ẹ̀ ni oorun yóò máa gbé ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìrìnsẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́yìn. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni a óò ké sí.

Ẹ̀gbọ́n yìí gan-an ni ó ni ọ̀rọ̀ tí mò ń bá bọ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, tí kò tíì lágbára láti lọ sí oko tí ó jìnnà, tí kò tíì lè ru ẹrù ọjà ńlá, òun ni ó ń gbé àbúrò sí ìbàdí kiri àgbàlá láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ìyá yóò fi ti ọjà dé. Òun ni ó mọ orin ìrẹmọlẹ́kún tí ọmọ náà fẹ́. Òun ni ó mọ̀ pé bí a bá fún un ní àfọ́kù igbá tí ó ń gbá a mọ́ ilẹ̀, yóò dákẹ́, àti pé bí adìẹ bá kọjá, yóò lé e. Òun ni ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ gún iyán, tí ó ń fi ewé ṣe ọbẹ̀, tí ó sì ń pe ọmọ náà ní àlejò tí ó wá jẹun. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe bojúbojú tàbí ẹkùn mẹ́ran, àbúrò yóò wà láàárín wọn, yóò máa sáré kiri láìmọ òfin eré, a kò sì ní í kà á sí ẹni tí a mú tàbí ẹni tí ó sálà.

Ohun ìṣeré tí a dìídì ṣe kò pọ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà a máa fi igi pẹlẹbẹ gbẹ́ ọmọlangidi tí ó ní orí róbótó, tí àwọn ọmọbìnrin ń fi aṣọ dì mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá rí èyí gbà, ṣúkù àgbàdo tó o. Òkòtó wà, tí a ń fi ṣóńṣó ìkarahun ìgbín ṣe, ọmọ kékeré kò lè ta á, ṣùgbọ́n ó lè wò ó títí. Pòròpórò àgbàdo wà, èkùrọ́ wà, bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀ tí yóò ṣọ́ ọ kí ó má ba à gbé e mì. Àwọn ọmọ tí a bá sì pè ní àbíkú, a óò fi ṣaworo sí wọn ní ẹsẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni kí ó lé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ìyá tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ́ ìró rẹ̀, yóò sì mọ ibi tí ọmọ òun dé láìgbé orí sókè.

Àlọ́ ńkọ́? Ọ̀sán kọ́. Èèwọ̀ ni kí a máa pàlọ́ ní ojúmọmọ, gbogbo wa ni a sì mọ ìdí rẹ̀: bí Ìjàpá bá dé agbo, iṣẹ́ kò ní í lọ mọ́. Alẹ́ ni a fi í sí, lẹ́yìn oúnjẹ, bí òṣùpá bá yọ ó di ìdùnnú onílé àti àlejò. Ọmọ ìrìnsẹ̀ kì í gbọ́ ju orin rẹ̀ lọ, nítorí orin inú àlọ́ ni gbogbo agbo ń gbè. Yóò pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, yóò sì sùn sí orí itan ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn kí Ìjàpá tó rí ìjà tí ó ń wá.

Bí mo ti ń yìn ín yìí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Iná àdìrò jó ọmọ, kànga gbé ọmọ, ìkòkò aró pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọdé. Àwọn mìíràn a máa fi orúkọ egúngún pa ọmọ lẹ́nu mọ́, wọ́n á sì gbin ojo sí i láyà. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n nìkan ni ó ń gbé ọmọ. Nígbà tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún gba ilẹ̀ wa kan, nínú ilé àwọn olówó àti àwọn ológun, ọmọ tí a kó lẹ́rú àti ọmọ tí baba rẹ̀ fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè ni ó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ jó, òun tí ìyá tirẹ̀ wà ní ìlú mìíràn. Ọmọ ọlọ́mọ ni a ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn àṣà yìí tí kò bá kọ ti àwọn wọ̀nyí, ìdajì ni ó kọ.

Ilé-ìwé dé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún kejì. Ní 1853, nígbà tí ajíhìnrere David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna dé Ìbàdàn, Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, fún wọn láti kọ́. Ṣùgbọ́n fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò pa agbo ilé lára, nítorí ọmọ díẹ̀ ni ó ń lọ, àwọn tí ó ń lọ kò sì tó àwọn tí ó ń gbélé gbé àbúrò.

Ọdún 1955 ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Ní oṣù keje 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ti gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí fún gbogbo ọmọ tí ó bá tó ọdún mẹ́fà. Ní 1954, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 500,000. Ní 1955, ó ju 800,000 lọ. Àwọn àgbà wa ṣì rántí bí a ti ń wọn ọjọ́ orí nígbà tí kò sí ìwé ìbí: a óò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá lórí, bí ó bá kan etí òsì, ó ti tó. Inú gbogbo ilé dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan etí. Òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n tí ń gbé ọmọ. Ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ó wọ aṣọ ilé-ìwé, ó gbé síléètì, ó fi ìbàdí sílẹ̀, ọmọ ìrìnsẹ̀ sì dúró ní àgbàlá, ó ń ké tẹ̀lé e.

N kò kọ èyí láti fi bá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jà. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó di nọ́ọ̀sì, tí ó di tíṣà, tí ó di adájọ́, ìbá máa fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ gbé ọmọ kiri bí kò bá jẹ́ ti òwúrọ̀ yẹn, èmi kò sì lè fi oríkì tí ó dùn jù lọ ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjọba gba ọmọ tí ń tọ́jú ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó fi ẹlòmíràn dípò.

Bí ìyá àgbà bá ṣì wà, ara ìbá tu ìyálọ́mọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni ètò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láti wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní orí ilẹ̀ tí ó tó 70 éékà, kí ìlú lè dára fún òmìnira tí ń bọ̀. A kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, ará Ìlú Ọba tí ó lọ bá wọn sọ̀rọ̀ tí ó sì gbé ìwé jáde ní 1961, rí i pé ọ̀pọ̀ aya ni ó pàdánù ọjà tí ó ń tà, tí ó sì jìnnà sí àwọn ìbátan tí ń bá a tọ́jú ilé. Ilé tuntun mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, omi ẹ̀rọ wà, ọkọ àti aya àti ọmọ ni ó wà nínú rẹ̀. Àgbàlá tí gbogbo ènìyàn ń pín kò sí. Ní àwọn ìlú yòókù pẹ̀lú, ilé tí a kọ́ iyàrá rẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, tí àwọn ayálégbé tí kì í ṣe ẹbí ń gbé, ti ń gba ipò agbo ilé.

Àwọn tí ó ré òkun kọjá láti kàwé tún rí tiwọn. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń kàwé ní Ìlú Ọba, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, a máa polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ìdílé tí yóò bá àwọn tọ́jú ọmọ kékeré. Àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ wọ́n rí gba àwọn ọmọ náà, òmíràn fún oṣù mélòó kan, òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Alágbàtọ́ kì í ṣe tuntun lójú Yorùbá. A ti ń fi ọmọ fún ẹ̀gbọ́n àti fún ìyá àgbà tọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pọ̀ láàárín ọmọ tí a gbé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì àti ọmọ tí ó dàgbà láìgbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohùn tí ó kù nílé di ohùn ẹ̀rọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti wọ Èkó láti 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939; amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ọmọlangidi onígi di ti pílásítíìkì, àní ère ìbejì pàápàá, ní àwọn ibòmíràn, pílásítíìkì ni a fi rọ́pò rẹ̀. Lóde òní, fóònù ni a ń tì sí ọmọ lọ́wọ́ kí ìyá lè ráyè rokà. N kò dá ìyá náà lẹ́bi. Ẹ̀rọ ni ó kù tí kò ní iṣẹ́ mìíràn nínú ilé.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, ó mẹ́nu ba ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé, ó fi í sílẹ̀ fún ìgbìyànjú àwọn aládàáni, ó sì ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ wọn. Apá kìíní ọ̀rọ̀ náà ṣẹ kánmọ́kánmọ́: jẹ́lé-ó-sinmi pọ̀ ní àdúgbò gbogbo, nínú gáréèjì, nínú yàrá ìgbàlejò, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Apá kejì kò ṣẹ. Ọmọ ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ ń bá sọ Yorùbá nílé a máa dé ibẹ̀ bá tíṣà tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kí ó jókòó, orin tí ó ń kọ́ kò sì ní orúkọ baba rẹ̀ nínú.

Ẹ̀yin ìyálọ́mọ tí ẹ wà nínú iyàrá kan pẹ̀lú ọmọ kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ó rẹ̀ yín títí tí ẹ fi ń rò pé bóyá ẹ̀yin ni ẹ kò mọ ọmọ tọ́, ẹ má ṣe gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín. Iṣẹ́ tí ogún ènìyàn ń pín ṣe ni ó bọ́ sí yín lọ́wọ́ nìkan. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa ṣe eré pọ̀ lójú yín ní ìdajì ọjọ́, lójú tiwọn ní ìdajì. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ gba oríkì ìdílé yín sílẹ̀ nígbà tí ohùn wọn ṣì le. Àti ẹ̀yin olùdásílẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, mo bẹ̀ yín: ẹ wá ìyá arúgbó kan ní àdúgbò yín tí ó mọ ọmọ í kì, ẹ fún un ní àga ní abẹ́ òrùlé yín, ẹ san owó fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti ń wọlé ní òwúrọ̀.